Ewéko tí Ń Jẹ Kòkòrò, àti Omi Rẹ̀

Lórí àwọn àpáta ńláńlá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, irú èyí tí Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́ jẹ́, ewéko kéékèèké kan a máa hù níbi tí omi òjò bá ń sun. Àpò tíntín ni ó fi ń mú kòkòrò inú omi jẹ, nítorí ibẹ̀ kò lọ́ràá. Ìbátan rẹ̀ ni Pinguicula, tí a ń gbìn sínú ìkòkò nínú ilé. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ti Mẹ́síkò wá. Ewé rẹ̀ ń yọ̀ bí ẹni pé a fi òrí pa á. Kantíkantí tí ó bá bà lé e kò tún lè fò mọ́.

Àwa àgbẹ̀ ni a máa ń tètè pa á, nítorí ajílẹ̀ ni ọwọ́ wa mọ́. Ẹ má ṣe fi ajílẹ̀ sí i rárá. Omi òjò ni kí ẹ lò, kì í ṣe omi kànga. Ẹ gbé ìkòkò náà sínú àwo tí omi rẹ̀ kò jìn ju ìbú ìka kan lọ.

Àwo yìí gan-an ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Láàrin ọjọ́ 7 sí 10, ẹyin inú omi tí kò ṣàn lè di ẹ̀fọn, Pinguicula kò sì lè mú wọn tán. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni kí ẹ da omi náà nù, kí ẹ sì fi kànrìnkàn ha àwo náà, nítorí ẹyin irú ẹ̀fọn kan a máa lẹ̀ mọ́ ọn lára. Níbi tí ọmọ ọwọ́ bá ń sùn, ẹ má tilẹ̀ gbé e síbẹ̀.