Owó Tí A Fi Ń Ra Ilé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn òbí tí ọmọ wọn ń ra ilé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa bi wá léèrè pé: "Èé ṣe tí agbẹjọ́rò ọmọ wa fi ń wádìí owó wa bí ẹni pé a jí i?" Kì í ṣe àfojúdi. Òfin ni ó pa á láṣẹ fún un láti mọ orísun owó náà. Ẹni tí ó bá kó èésú, kí ó pa ìwé rẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà níbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, agbẹjọ́rò kan náà ni ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tí ń ra ilé àti fún báńkì tí ó yá a lówó. Bí bàbá bá fọwọ́ sí ìwé pé ẹ̀bùn ni owó òun, tí ó sì ti bá ọmọ ṣe àdéhùn pé yóò san án padà, agbẹjọ́rò tí ó bá gbọ́ kò gbọdọ̀ fi í pa mọ́ fún báńkì kí ó sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Ẹ jẹ́ kí á pe ẹ̀yáwó ní ẹ̀yáwó.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe tètè se àsè ìṣílé. Kí a tó pààrọ̀ ìwé àdéhùn, olùtà lè yí ohùn padà. Lẹ́yìn rẹ̀, olùrà tí ó bá fà sẹ́yìn lè pàdánù owó àsansílẹ̀ rẹ̀, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ ìdá 10 nínú 100 iye owó ilé.