Abèèrè Tó Ṣìnà

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Àmọ́ ẹni tó bá ń lọ sí Kejetia, ọjà ńlá tó wà láàárín ìlú Kumasi lórílẹ̀-èdè Gánà, lè béèrè ọ̀nà kó sì ṣìnà, tó bá jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí ẹni tó bi ti débẹ̀ kẹ́yìn. Lọ́dún 2019, àwọn oníṣòwò kó wọnú ilé ọjà tuntun, ilé alájà tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó mọ alásọ rẹ̀ sí ìdí ojú irin tẹ́lẹ̀ di ẹni tó ń wá nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù kiri. Ẹni tó júwe ọ̀nà fún un ò purọ́. Òótọ́ ló sọ, àmọ́ òótọ́ àná ni.

Irú ẹ̀ ló ń bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ sọ́fúwíà fínra, ní Kumasi àti ní Ìbàdàn. Ẹni tó ń kọ sọ́fúwíà kì í fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun gbogbo. Télọ̀ kì í rọ abẹ́rẹ́, kì í sì í ran òwú. Ńṣe ló ń rà wọ́n. Bákan náà, iṣẹ́ tí àwọn míì ti ṣe sílẹ̀ ni ẹni tó ń kọ sọ́fúwíà máa ń mú lò. Láíbìrì ni wọ́n ń pe irú àkójọ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè fojú lásán mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ìwé ìlànà rẹ̀, tó sábà máa ń wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ló máa sọ ọ́.

Ká sọ pé obìnrin kan ń ta aṣọ ní Kejetia, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin sì wà ní yunifásítì. Ọmọ náà fẹ́ ṣe sọ́fúwíà kékeré kan tí ìyá rẹ̀ á fi máa kọ àwìn sílẹ̀, torí pé ìwé tí wọ́n ń kọ ọ́ sí ti ya. Èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní PHP ló mọ̀. Ó wá ẹ̀kọ́ lórí Google, ti ọdún 2011 ló sì kọ́kọ́ rí. Ẹ̀kọ́ náà ní kó fi mysql_connect ṣí ibi tí àkọsílẹ̀ wà. Ó tẹ̀ ẹ́ gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Kò ṣiṣẹ́. Ó yẹ̀ ẹ́ wò ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó tún un tẹ̀, ilẹ̀ ń ṣú, dátà ń lọ. Nígbà tó fi máa di ọ̀gànjọ́ òru, ó ti ń rò ó pé bóyá òun ò lórí iṣẹ́ yìí ni.

Orí rẹ̀ pé. Láti December 3, 2015, tí PHP 7 ti jáde, ni wọ́n ti yọ mysql_connect kúrò. Wọ́n tiẹ̀ ti ń kìlọ̀ láti ọdún 2013 pé kí wọ́n má lò ó mọ́. Ojú ìwé rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé ìlànà PHP, àmọ́ ìkìlọ̀ wà lórí rẹ̀ pé wọ́n ti yọ ọ́, ó sì dárúkọ ohun tó rọ́pò rẹ̀: MySQLi àti PDO. Ó dà bíi pátákó tí oníṣọ́ọ̀bù máa ń gbé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ibi tó wà tẹ́lẹ̀, pé “A ti kó lọ sí ibi báyìí.” Wọn ò pa ojú ìwé náà rẹ́, torí àwọn kọ̀ǹpútà kan ṣì ń lo ti àtijọ́, ẹni tó bá sì fẹ́ tún wọn ṣe gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà nínú wọn.

Ibi tí wàhálà wà ni pé ẹlòmíì ló kọ ẹ̀kọ́ ọdún 2011 yẹn, ó sì ti bá tiẹ̀ lọ. Kò gbé pátákó kankan kọ́. Òun ni Google sì gbé síwájú.

Ká tiẹ̀ dúpẹ́ pé kò ṣiṣẹ́. Ìlànà tó ti gbó àmọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ló léwu jù. Ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ìgbà yẹn máa ń ní kéèyàn mú ohunkóhun tí ẹni tó ń lo sọ́fúwíà bá tẹ̀, kó dà á pọ̀ mọ́ àṣẹ tí wọ́n ń pa fún kọ̀ǹpútà. Bí oníjìbìtì kan bá wá tẹ àṣẹ síbi tó yẹ kó tẹ orúkọ sí, kọ̀ǹpútà lè rò pé ọ̀gá ló pa á. Gbogbo gbèsè tí wọ́n jẹ ìyá yẹn lè pa rẹ́ lójú ẹsẹ̀, tàbí kí nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ. Ìwé ìlànà PHP ti òde òní kìlọ̀ nípa èyí, ó sì kọ́ni bí wọ́n ṣe ń ya àṣẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí oníbàárà tẹ̀.

Ta ló ń tún ìwé náà ṣe?

Àwọn tó ń ṣe Django, láíbìrì ńlá kan tí wọ́n fi èdè Python kọ, ní òfin kan: ẹni tó bá mú ohun tuntun wá gbọ́dọ̀ mú àlàyé rẹ̀ dání, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn ò ní gbà á wọlé. Wọ́n tún máa ń kọ nọ́ńbà ẹ̀dà sójú ìwé, tẹ́ ẹ bá sì ṣí ti ẹ̀dà tí wọn ò bójú tó mọ́, ẹ máa rí ìkìlọ̀. Ẹni tó bá ní “Màá kọ àlàyé rẹ̀ lọ́la” dà bí ẹni tó tajà láwìn tí kò kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Gbogbo ọlọ́jà ló mọ ibi tíyẹn máa ń já sí.

Ó ṣeni láàánú pé iṣẹ́ yìí kì í gbayì. Ẹni tó ṣe ohun tuntun ni wọ́n ń kan sáárá sí. Ta ló mọ ẹni tó tún àlàyé ṣe? Lọ́dún 2019, Google bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó ń jẹ́ Season of Docs, kí àwọn òǹkọ̀wé lè máa bá àwọn tó ń ṣe irú sọ́fúwíà yìí ṣiṣẹ́. Ọdún yẹn náà ni àwọn tó ń lo Python káàkiri Áfíríkà ṣe ìpàdé PyCon Africa àkọ́kọ́ nílùú Accra. Kò sì dìgbà téèyàn bá di ọ̀gá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹsẹ̀ kọ ló mọ ibi tí òkúta wà, ọ̀pọ̀ láíbìrì ló sì ń gba àtúnṣe lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àmọ́ ìwé tó dáa jù ò wúlò fẹ́ni tí kò lè ṣí i. Ní March 14, 2024, àwọn wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, Gánà àti Nàìjíríà sì wà lára àwọn ilẹ̀ tí íntánẹ́ẹ̀tì wọn dojú rú. Ẹni tó ti gbé ìwé ìlànà Python lódindi sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè máa kà á nìṣó nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. DevDocs náà ń jẹ́ kéèyàn tọ́jú ìwé ọ̀pọ̀ láíbìrì pa mọ́, ó sì ń dín owó dátà kù. Kéèyàn ṣáà máa rántí pàárọ̀ rẹ̀, torí èyí tó wà nílé náà ń gbó.

Ẹ̀yin òbí, tọ́mọ yín bá ní, “Mo ṣe ohun tí ìwé sọ, kò ṣiṣẹ́,” ẹ má tètè sọ pé kò fọkàn sí i. Ẹ bi í pé ọdún wo ni wọ́n kọ ọ́, àti pé ṣé àwọn tó ṣe láíbìrì náà gan-an ló kọ ọ́. Ẹ ò nílò ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kẹ́ ẹ tó béèrè. Ọlọ́jà èyíkéyìí ní Kejetia ló máa yé: láti May 1, 2022, ìjọba Gánà ń yọ ìpín 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó tí wọ́n bá fi fóònù ránṣẹ́, lọ́dún 2023 wọ́n dín in kù sí ìpín 1, nígbà tó sì di ọdún 2025 wọ́n fagi lé e. Sọ́fúwíà tí wọ́n kọ ìpín 1.5 sínú rẹ̀ á ṣì máa yọ ọ́ títí dòní, tẹ́nì kan ò bá tún un ṣe.

Ọmọ tá a sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn á wá ṣí ìwé ìlànà PHP fúnra rẹ̀, á rí ìkìlọ̀, á sì lo PDO. Kó tó gbé sọ́fúwíà náà fún ìyá rẹ̀, kó kọ ẹ̀dà PHP tó lò, déètì, àti ojú ìwé tó ti rí ìlànà náà sílẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ni wọ́n máa pè lọ́jọ́ tí kò bá ṣiṣẹ́ mọ́.