Kí A Tó Fi Ọmọ Ajá Ta Ọ̀rẹ́ Lọ́rẹ

Bí ìdánwò àṣekágbá bá ti ń parí, oníkálukú á máa wá ẹ̀bùn tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò ní gbàgbé. Ẹnì kan á ra aago, ẹlòmíràn á ní ọmọ ajá ni òun fẹ́ gbé fún un. Èrò tó dára ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í fún ni lẹ́ran ká tún di okùn rẹ̀ mú. Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ ewúrẹ́. Ẹni tí a fún ní ewúrẹ́ lè tà á, ó sì lè pa á jẹ lọ́dún. Ajá yàtọ̀. Ó lè lo ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé, ojoojúmọ́ ni yóò sì máa jẹun.

Ohun àkọ́kọ́ ni ibi tí ọ̀rẹ́ wa ń lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ń retí NYSC. Ọ̀sẹ̀ 3 ni yóò lò ní àgọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n lè fi í sí ìpínlẹ̀ tó jìnnà sílé fún ọdún kan. Ta ni yóò máa tọ́jú ajá? Bí ó bá ní "màmá mi ni," a jẹ́ pé màmá ni a fẹ́ fún lájá, àwọn ló sì yẹ ká lọ bi léèrè.

Èkejì ni ilé. Ṣé onílé gbà kí àwọn ayálégbé sin ajá? Ṣé àwọn alájọgbé kò bẹ̀rù rẹ̀? Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ni kò fẹ́ kí ajá wọ inú ilé tí wọ́n ti ń kírun. Ojú kì í sábà jẹ́ kí èèyàn sọ irú nǹkan báyìí fún ẹni tó ti gbé ẹ̀bùn dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀kẹta ni ìlera. Ọmọ ajá kò gbọdọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ 8. Láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó sì máa tún un gbà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin títí yóò fi tó nǹkan bí oṣù mẹ́rin. Àrùn parvo, tó ń mú kí ajá máa bì, kí ó sì máa yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, tètè ń pa ọmọ ajá tí kò gbà á. Bí ó bá pé oṣù mẹ́ta, ó kan abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ẹ wo bí wọ́n ṣe hun ọ̀rọ̀ náà: "dìgbò lu igi," bí ajá tí orí rẹ̀ ti dàrú ṣe ń kọ lu ohun tó bá rí. Bí àmì àrùn yìí bá ti hàn lára èèyàn, ó ṣọ̀wọ́n kí ó tó yè é. Ajá tí kò gba abẹ́rẹ́ lè di ewu fún gbogbo ilé.

Nítorí náà, ẹ má fi ajá ṣe ẹ̀bùn òjijì. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni náà àti àwọn tó ń bá a gbé. Bí wọ́n bá gbà, ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ yan èyí tó wù ú, kí ó sì sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ bá a san owó abẹ́rẹ́, kí ẹ sì ṣèlérí pé ẹ ó gba ajá náà padà bí ọ̀rọ̀ bá yí. Ní ti ajá, ó yẹ kí ẹni tó fún ni ṣì di okùn rẹ̀ mú díẹ̀. Bí a kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, aago náà tó.