Ọgbẹ́ Ọkàn Ológun: Àwọn Àmì Ìwòsàn Nínú Ara

Ẹ̀yin òbí àti ará ilé ní Ìgànmú àti àyíká rẹ̀, ogun a máa parí lójú ìjà kí ó tó parí nínú ara. Àwọn ológun wa ja ogun abẹ́lé láti 1967 títí di 1970. Láti 1990, àwọn mìíràn bá ECOMOG lọ sí Liberia. Ẹlòmíràn padà wálé láìní àpá lára, síbẹ̀ kò rí oorun sùn. Bí ìlẹ̀kùn bá dún, a ta gìrì. Èyí kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ìwà burúkú. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú.

Kí ní ń ṣẹlẹ̀ nínú ara?

Bí ewu bá dé, ara a máa tú adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn a sáré, iṣan a le. Cortisol náà a máa jáde, a sì máa ṣèrànwọ́ láti dá ara padà sípò. Lára ẹni tí ó ní ọgbẹ́ ọkàn, ètò yìí ti dàrú: apá ọpọlọ tí ń kígbe ewu kì í sinmi.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ó ń sàn?

Nínú ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ, aláìsàn a máa ro ohun tí ojú rẹ̀ rí fún oníṣègùn, díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ń sàn, ìrántí kì í mú ọkàn rẹ̀ sáré bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, oorun a sì padà. Ní 2013, Rachel Yehuda àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde lórí ológun 16 tí wọ́n gba irú ìtọ́jú yìí fún ọ̀sẹ̀ 12. Lára àwọn tí ó sàn, àmì kan lórí àbùdá FKBP5, tí ó níí ṣe pẹ̀lú iṣẹ́ cortisol, dín kù nínú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn 16 kéré. Kò tíì sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tí ó lè fi ìdí ìwòsàn múlẹ̀. Ẹ má sanwó fún ẹni tí ó bá ṣèlérí rẹ̀.

Kí ni kí ẹ ṣe?

1. Ẹ má ṣe dè é ní ẹ̀wọ̀n, ẹ má sì fi í ṣẹ̀sín.
2. Ẹ mú un lọ sí Ilé Ìwòsàn Àrùn Ọpọlọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Yábàá, tí ó ti wà láti 1907.
3. Ìrántí lè ni ín lára ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ fún oníṣègùn. Ẹ má dá ìtọ́jú dúró.
4. Bí ó bá ní òun fẹ́ pa ara òun, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ọgbẹ́ inú kò ṣeé fi aṣọ bò. Ẹ jẹ́ kí a tọ́jú rẹ̀.