Bí ìjọba bá fẹ́ tún àdúgbò ṣe, kí oníṣòwò béèrè owó tó fẹ́ ná

Bí ìjọba bá kéde pé òun fẹ́ fi owó tún àdúgbò kan ṣe, inú àwọn oníṣòwò ibẹ̀ máa ń dùn nítorí gọ́tà àti títì tuntun. Ẹ̀rù katakata sì tún máa ń bà wọ́n.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú Èkó fi hàn pé ẹ̀rù náà kì í ṣe lásán. Lọ́dún 2006, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí i pé òun yóò yá ìpínlẹ̀ Èkó ní igba mílíọ̀nù dọ́là. Lára iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi owó náà ṣe ni àtúnṣe àdúgbò mẹ́sàn-án, bíi Ajégúnlẹ̀, Màkókò, Bàrígà àti Badia. Wọn kò pín owó náà fún ọlọ́jà o. Títì, gọ́tà, omi, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn ni wọ́n ní kí wọ́n fi ṣe. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì ọdún 2013, ìjọba ìpínlẹ̀ náà wó apá kan ní Badia. Àjọ Amnesty International sọ pé èèyàn tí ọ̀rọ̀ náà kàn tó nǹkan bíi 9,000. Àwọn ará àdúgbò fẹjọ́ sùn ní Báǹkì Àgbáyé lọ́dún náà, lẹ́yìn èyí ni ìjọba ṣètò owó ìrànwọ́.

Kí ló dé tí ẹjọ́ náà fi ṣeé rò? Ìlànà Báǹkì Àgbáyé sọ pé ẹni tí kò ní ìwé ilẹ̀ kò ní gba owó ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ohun tó kọ́ àti ìrànwọ́ tí yóò fi gbé òwò rẹ̀ dìde. Ẹni tó rẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù náà wà níbẹ̀. Àmọ́ wọ́n máa ń dá ọjọ́ tí wọ́n yóò ka àwọn tó wà ládùúgbò. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn ọjọ́ náà kò ní sí nínú ìwé.

Bó bá jẹ́ owó ìjọba nìkan ni, Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ni wọn yóò tẹ̀ lé. Ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ilẹ̀ ni òfin yẹn ń wò, owó ilé àti irúgbìn tó wà lórí rẹ̀ ló sì ń san. Kò sọ nǹkan kan nípa oníbàárà tó sá lọ tàbí ọjà tó bà jẹ́.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: owó ta ni? Ó yẹ kí ẹgbẹ́ ọlọ́jà béèrè rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì bi wọ́n léèrè ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ka èèyàn. Kí oníṣòwò tọ́jú rìsíìtì rẹ́ǹtì, rìsíìtì káńsù àti fọ́tò ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lọ́jọ́ ìkànìyàn, kó má ṣe kúrò nídìí ọjà rẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.