Sólà àbí nuclear: èwo ló lè tètè dé Abigi?

Ọ̀rọ̀ iná la mú wá lónìí.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ ti ń lépa iná nuclear. Ọdún 1976 ni wọ́n ti ṣòfin tó dá àjọ tó ń rí sí i sílẹ̀. Ní 2017, wọ́n tún bá Rosatom ti Rọ́ṣíà tọwọ́ bọ̀wé pé kí wọ́n wá kọ́ ọ. Èyí tó wà ní Zaria kò ju ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí lọ; kì í gbé iná fún ilé ẹnikẹ́ni.

Owó ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Íjíbítì ń kọ́ mẹ́rin sí El Dabaa, Rọ́ṣíà sì ń yá wọn ní dọ́là bílíọ̀nù 25. Ọdún 2015 ni wọ́n ṣàdéhùn, 2022 ni wọ́n tó da kọnkéré ẹ̀rọ àkọ́kọ́. Ẹni tó wọ OOU ní Àgọ́-Ìwòyè lọ́dún àdéhùn yẹn á ti jáde, á ti sin ìjọba tán.

Lójú tèmi, wáyà ni ìṣòro gan-an. Ẹ̀rọ El Dabaa kan ṣoṣo, mẹ́gáwáàtì 1,200 ni. Iná tó ń gba orí gíríìdì wa sábà máa ń wà láàárín 4,000 sí 5,000. Tí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá ṣàdédé kú, bí ìdá kan nínú mẹ́rin iná Nàìjíríà ló pòórá lẹ́ẹ̀kan náà, lórí gíríìdì tó ti ń dá wó lulẹ̀ tẹ́lẹ̀! Bí wọ́n bá tilẹ̀ pa ẹ̀rọ náà, inú rẹ̀ ṣì ń gbóná. Iná gbọ́dọ̀ wà tí yóò máa fa omi tútù sí i. Iná yẹn ló kú ní Fukushima, ní Japan, lọ́dún 2011.

Sólà ò ní wàhálà yẹn. Onígbàjámọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó lè ra páńẹ́ẹ̀lì méjì lónìí, kó fi ẹ̀kẹta kún un lẹ́yìn ọdún. Ní abúlé etí omi ní Ogun Waterside tí wáyà NEPA kò dé, wọ́n lè to páńẹ́ẹ̀lì sójú kan, kí wọ́n fa iná rẹ̀ láti ilé dé ilé.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí àwọn tó ń ta sólà tàn yín ṣá. Tí òjò July bá ṣú fún ọjọ́ mẹ́ta, ọrùn bátìrì ni gbogbo ẹrù máa já lé, bátìrì ò sì wọ́n kékeré. Ibẹ̀ ni nuclear ti ń fakọ yọ: tòru-tọ̀sán ni Koeberg ní South Africa ń gbé iná wá láti 1984. Ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ irin nílò irú iná bẹ́ẹ̀. Fíríìjì ẹja ní Abigi ò nílò rẹ̀.

Ní December 2023, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí dọ́là mílíọ̀nù 750 fún iṣẹ́ DARES, láti mú iná sólà dé ọ̀dọ̀ èèyàn mílíọ̀nù 17.5 ní Nàìjíríà. Tí àwọn olóṣèlú bá tún wá tọrọ ìbò, ẹ bi wọ́n léèrè: abúlé mélòó ní Ogun Waterside ló wà nínú rẹ̀?