AC Fún Yàrá Olú: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Gbé Yẹ̀wò Kí Ẹ Tó Náwó

 

Ọ̀rọ̀ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí ọ̀gbìn olú nínú yàrá. Gbogbo wa la mọ̀ pé ní Ìkẹjà, Ògbà, Agége àti Ìfàkọ̀-Ìjàyè, ilé-iṣẹ́ àti ilé gbígbé ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ oko. Ṣùgbọ́n olú kì í béèrè ilẹ̀. Èérún pákó tí a fi eérí ìrẹsì díẹ̀ pò ni oúnjẹ rẹ̀, inú àpò ọ̀rá ni ó ń gbé, yàrá kan lẹ́yìnkùlé sì tó o. Ìdí nìyí tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń béèrè pé irú ẹ̀rọ amúlétutù wo, èyí tí a ń pè ní AC, ló yẹ kí àwọn fi owó ẹgbẹ́ rà fún yàrá olú tí a dí pa.

Ìbéèrè tó dára ni. Ṣùgbọ́n owó tí a fi ra AC kì í ṣe òpin ìnáwó, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí a tò ó lẹ́sẹẹsẹ.

ÈKÍNÍ: IRÚ OLÚ WO NI Ẹ FẸ́ GBÌN?

Kí ẹ tó béèrè iye AC, ẹ kọ́kọ́ béèrè bí ooru tí olú yín fẹ́ ṣe pọ̀ tó. Ní Èkó, oṣù kejì àti oṣù kẹta ló máa ń móoru jù, ooru ọ̀sán a sì máa dé 32°C tàbí 33°C. Ní oṣù kẹjọ, ó máa ń wà ní nǹkan bíi 28°C.

Olú tí wọ́n ń pè ní oyster ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbìn, ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ló wà. Èyí tó ní àwọ̀ eérú, Pleurotus ostreatus, ará ilẹ̀ òtútù ni; nǹkan bíi 13°C sí 20°C ló fẹ́ nígbà tó bá ń yọ orí. Pleurotus pulmonarius fara da ooru jù ú lọ, ó sì ń ṣe dáadáa títí dé nǹkan bíi 25°C. Pleurotus djamor, èyí tó pupa rẹ́súrẹ́sú, lè yọ orí dáadáa láti 20°C títí dé 30°C. Olú Volvariella volvacea, tó máa ń hù lára ìdì ẹyìn tó ti jẹrà, ooru 28°C sí 35°C gan-an ló ń wá.

Ẹ rí i pé ẹni tó gbin Volvariella ní Agége kò nílò AC rárá. Ẹni tó gbin oyster pupa lè máà nílò rẹ̀ ju ọ̀sán oṣù mélòó kan lọ. Ẹni tó mú irúgbìn olú ilẹ̀ òtútù wá ni yóò máa bá ooru Èkó jà láti January dé December. Nítorí náà, ẹ béèrè orúkọ irúgbìn náà lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín, kí ẹ sì béèrè ìwọ̀n ooru tó fẹ́.

ÈKEJÌ: Ẹ DÍ Ọ̀NÀ OORU KÍ Ẹ TÓ RA ÒTÚTÙ

AC kì í dá òtútù sílẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń kó ooru inú yàrá jáde síta. Bí ooru bá ń gba ara ògiri àti òrùlé wọlé bó ṣe ń kó o jáde, ńṣe ni ó dà bí ìgbà tí a ń pọn omi sínú agbọ̀n.

Òrùlé páànù tí kò ní àjà ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Ẹ fi àjà sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fóòmù funfun líle, irú èyí tí wọ́n fi ń dáàbò bo tẹlifíṣọ̀n nínú páálí, bo inú ògiri àti òkè àjà. Kí ó nípọn tó ínǹsì 2. Fóòmù yìí máa ń tètè gbiná, nítorí náà ẹ má fi í sílẹ̀ ní ìhòòhò. Ẹ fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ tàbí kí ẹ fi páànù bò ó, kí ẹ má sì jẹ́ kí wáyà iná gba inú rẹ̀ kọjá láìsí páìpù. Ẹ dí etí ilẹ̀kùn. Ẹ kun òrùlé ní funfun. Bí igi tàbí ilé mìíràn bá wà tó lè ṣíji bo yàrá náà ní ọ̀sán, ẹ lò ó.

ÈKẸTA: ÌWỌ̀N EKU NI ÌWỌ̀N ÌTẸ́

Ní ọjà, họ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń pe AC. Họ́ọ̀sì kan jẹ́ nǹkan bíi 9,000 BTU ní wákàtí kan, họ́ọ̀sì kan ààbọ̀ jẹ́ nǹkan bíi 12,000, họ́ọ̀sì méjì sì jẹ́ nǹkan bíi 18,000. BTU yìí ni ìwọ̀n ooru tí ẹ̀rọ náà lè kó jáde. Wáàtì kan jẹ́ 3.4 BTU ní wákàtí kan.

Ẹ jẹ́ kí a fi yàrá kan ṣe àpẹẹrẹ: mítà 4 ní gígùn, mítà 3 ní ìbú, mítà 2.7 ní gíga. Ògiri àti àjà rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 50 níbùú-lóròó. Ìta jẹ́ 32°C, a sì fẹ́ kí inú jẹ́ 24°C. Ìyàtọ̀ jẹ́ 8. Iye àfojúdá nìwọ̀nyí, ṣùgbọ́n wọn yóò tọ́ yín sọ́nà:

1. Ooru ara ògiri àti àjà: ibi tí a bá fi fóòmù ínǹsì 2 sí, ẹ ka wáàtì 0.6 fún mítà kọ̀ọ̀kan lórí ìyàtọ̀ 1°C. 50 lọ́nà 8 lọ́nà 0.6 jẹ́ wáàtì 240. Bí kò bá sí fóòmù, ẹ ka 3 dípò 0.6, ó di wáàtì 1,200. Ẹ fi nǹkan bíi 700 kún un fún oòrùn tó ń ta lórí páànù.
2. Afẹ́fẹ́ tútù tí a ń jẹ́ kó wọlé, tí a bá pààrọ̀ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin ní wákàtí kan: nǹkan bíi wáàtì 800, nítorí pé afẹ́fẹ́ Èkó kún fún omi, AC sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lórí omi náà pẹ̀lú.
3. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá, gílóòbù àti fáànù: nǹkan bíi 200.
4. Àpò olú fúnra wọn, nítorí pé olú ń mí, ó sì ń mú ooru jáde: ẹ ya 300 sọ́tọ̀.

Yàrá tó ní fóòmù: 1,540 wáàtì, tí í ṣe nǹkan bíi 5,240 BTU. Ẹ fi ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan kún un, ó di nǹkan bíi 6,550. AC họ́ọ̀sì kan tó o, ó tún ṣẹ́kù. Yàrá tí kò ní fóòmù: 3,200 wáàtì, nǹkan bíi 10,880 BTU; pẹ̀lú ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan, ó di 13,600. Họ́ọ̀sì kan ààbọ̀ kò tó o mọ́, họ́ọ̀sì méjì ló kù. Yàrá kan náà ni o, àpò olú kan náà. Fóòmù nìkan ló sọ họ́ọ̀sì méjì di ọ̀kan.

Kí ẹ má sì sọ pé ẹ óò ra èyí tó tóbi jù kí ọkàn yín lè balẹ̀. AC tó tóbi jù a máa fẹ́ òtútù gidi fún ìgbà díẹ̀, a sì tún kú; ooru yàrá á máa lọ sókè sódò, orí olú tó sún mọ́ ọn á sì gbẹ, á là.

ÈKẸRIN: IRÚ AC WO?

AC ojú fèrèsé rọrùn láti rà, ṣùgbọ́n ihò ńlá ni ẹ óò lù sí ògiri fún un. AC alápá méjì, tí ọ̀kan wà nínú tí ìkejì wà níta, dára jù fún yàrá tí a dí. Èyí tí wọ́n kọ inverter sí lára máa ń dín agbára rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ dípò kó máa kú kó máa jí. Ó ń jẹ́ kí ooru yàrá dúró sójú kan, kì í sì jẹ iná púpọ̀. Inverter yìí kì í ṣe ti bátìrì o. Orúkọ ló papọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún AC tòkúnbọ̀ tó ń lo gáàsì R22. Lábẹ́ àdéhùn Montreal ti ọdún 1987, gáàsì yìí ń kúrò nílẹ̀, ọdún 2030 sì ni a fi àkókò sí fún àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa láti fẹ́rẹ̀ẹ́ fòpin sí i pátápátá. Lọ́jọ́ tí gáàsì bá jò, ẹ lè wá a tì.

ÈKARÙN-ÚN: OHUN TÍ AC KÒ LÈ ṢE

AC ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́. Ẹ wo omi tó ń kán níta. Olú sì fẹ́ ọ̀rinrin 80 sí 95 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, ẹ máa bu omi sí ilẹ̀ yàrá, kí ẹ sì máa fi ẹ̀rọ ìfọ́nmi fọ́n ọn ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta lójúmọ́. Ẹ kọjú atẹ́gùn AC sí òkè, kó má fẹ́ lu àpò.

AC alápá méjì kì í mú afẹ́fẹ́ tuntun wọlé. Afẹ́fẹ́ inú yàrá ló ń yí po. Olú ń mí bíi tiwa, ó ń tú afẹ́fẹ́ carbon dioxide jáde. Nínú yàrá tí a dí pa, tó bá pọ̀ jù, igi olú á gùn, orí rẹ̀ á kéré bíi bọ́tìnnì. Bí ẹ bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má dá irúgbìn lẹ́bi. Afẹ́fẹ́ ni kò tó. Ẹ fi fáànù kékeré kan fa afẹ́fẹ́ wọlé, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì tó já fáfá dí ẹnu rẹ̀ nítorí kòkòrò.

Olú tó gbó máa ń tú eruku kan jáde tó lè dí AC, tó sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ tètè kórè, ẹ máa fọ àwọ̀n inú AC lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì máa fi aṣọ bo imú wọ yàrá.

ÈKẸFÀ: BÍ INÁ BÁ LỌ ŃKỌ́?

Èyí ló ń pa ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí. Yàrá tí a dí pa tí iná lọ níbẹ̀ lọ́sàn-án, ooru àti èémí olú á kún inú rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Nítorí náà, yàrá kankan kò gbọ́dọ̀ dí pa débi pé kò ṣeé ṣí. Ẹ ṣe fèrèsé méjì tó ní nẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè lódìkejì, kí ẹni tó wà nílé sì mọ̀ pé òun ni yóò ṣí wọn. Ẹ fi sítébíláísà sí ìdí AC.

ÈKEJE: Ẹ ṢÍRÒ RẸ̀

Ká ní àpò 400 ló wà nínú yàrá náà, kílò kan kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú omi inú rẹ̀. Nǹkan bíi gíráàmù 350 ni èérún pákó gbígbẹ tó wà nínú àpò kọ̀ọ̀kan. Bí olú bá so ìdajì sí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìwọ̀n yìí, àpò kan yóò fún wa ní gíráàmù 175 sí 280 láàárín nǹkan bí ọgọ́ta ọjọ́. Àpò 400 jẹ́ kílò 70 sí 112. Ẹ jẹ́ ká mú 90.

AC họ́ọ̀sì kan ń jẹ nǹkan bíi 900 wáàtì. Bó bá ṣiṣẹ́ wákàtí 14 lójúmọ́, yúníìtì 12.6 nìyẹn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A dé 225 náírà fún yúníìtì kan. Ní oṣù karùn-ún wọ́n dín in sí 206.80. Ẹ jẹ́ ká fi 200 ṣírò kó lè rọrùn. Ṣùgbọ́n iye tó wà lórí rìsíìtì yín ni kí ẹ lò. Ó jẹ́ 2,520 náírà lójúmọ́, 151,200 náírà fún ọgọ́ta ọjọ́. Ẹ pín in sí kílò 90: 1,680 náírà ni AC nìkan yóò jẹ lórí kílò olú kan, a kò tíì ka jẹnẹrétọ̀, àpò, irúgbìn àti owó oṣù.

Ẹ wá wo ẹni tó gbin irú tó lè fara da 28°C. Wákàtí 6 lọ́sàn-án ti tó o. Iye náà á já wálẹ̀ sí 720 náírà lórí kílò kan. 960 náírà tó wà láàárín méjèèjì lè jẹ́ gbogbo èrè yín.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ tó fọwọ́ sí owó yíyá, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ tó fẹ́ ẹ: orúkọ irúgbìn olú rẹ̀, bóyá ó ti fi fóòmù sí yàrá, àti iye tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ti gbà láti san lórí kílò kan. Bí kò bá ní ìdáhùn, kó kọ́kọ́ fi àpò 50 bẹ̀rẹ̀ láìsí AC ní àsìkò òjò, nígbà tí ojú ọjọ́ tutù. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, gbogbo wa la ó jọ ru ú.

Fún irúgbìn àti ẹ̀kọ́ síwájú sí i, ẹ lè béèrè ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí FIIRO ní Òṣòdì tàbí NIHORT ní Ìbàdàn, tàbí kí ẹ lọ bá òṣìṣẹ́ ìmọ̀ràn iṣẹ́ àgbẹ̀ tó sún mọ́ yín. Ẹ mú ìwọ̀n yàrá yín àti rìsíìtì iná yín dání, kí a lè jọ ṣírò rẹ̀.